Wọ́n Ní Kí N Sọ Pé Ọlọ́dẹ Ló Pa Á

Okokomaiko, ẹ̀bá ọ̀nà Badagry.

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìfarada ọmọ tí kì í tètè kọ lẹ́tà. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìmẹ́ńtì yàrá mi kò mọ̀ pé orúnkún mi ti ń dàgbà. Mo kí Bùrọ̀dá Dáyọ̀ àti ìyàwó wọn. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí gbogbo ìyàwó ilé, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí tí mi ò tíì mọ orúkọ wọn. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo fi rán onímọ́tò sí yín, àbí ẹ tún ti kó o sábẹ́ ìrọ̀rí?

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà mi bí ẹni ń ka ìkéde òkú. Ará ilé kan tó wá sí Èkó níjelòó ló sọ fún mi pé ẹ ti gbọ́ pé wọ́n lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́, pé ẹ ò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gbé ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ yín, gbangba ló ti sọ ọ́, lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo ìjọ. Gbangba lèmi náà yóò ti dá a lóhùn.

Iṣẹ́ mi ṣì ni iṣẹ́ mi. Mo ṣì ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì tó wà nítòsí wa, mo ṣì ń bá àwọn tó kàwé dójú àmì tún gbólóhùn wọn ṣe láì gba ọpẹ́. Owó oṣù ń dé nígbà tó bá wù ú. Òjò ọdún yìí kò sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ rárá. Láti Okokomaiko dé Ìbà, bàtà lọ́wọ́, ìró ní orúnkún, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Mo dá wà, Yèyé, mi ò ní parọ́. Yàrá méjìlá ló wà nínú ilé tí mò ń gbé, ariwo kì í sinmi níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí mo lè sọ fún pé inú mi ò dùn, àfi tí ó bá di Sátidé.

Sátidé ni ọjọ́ ẹgbẹ́ wa. Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ìtàn ọ̀daràn ni mò ń kọ: ẹnìkan kú, a ò mọ ẹni tó pa á, òǹkàwé á máa wá a kiri títí ìwé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ ní kí ló dé tí mi ò kọ ìtàn ìfẹ́. Ìfẹ́ ti ní òǹkọ̀wé tó pọ̀ jù. Àwa mẹ́ta la dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kí obìnrin tó bá ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè rí ẹni bá a kà á, kí a sì lè ran ara wa lọ́wọ́ títí ìwé á fi jáde. Èmi nìyẹn. Èkejì ni Àlàájà Mùínátù, ọmọ bíbí Òjó, onílé, tí wọ́n ń kọ ìtàn tiwọn sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀kẹta ni ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wọ́dà, torí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n obìnrin ni wọ́n ti ṣe wọ́dà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Inú kíláàsì kan ní Ìbà la ti ń jókòó, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré. Ẹni tó bá kan á ka ìtàn rẹ̀ sókè, á dúró nígbà tó bá ku orí mẹ́ta. Àwa yòókù á wá kọ orúkọ ẹni tí a rò pé ó pa òkú náà sórí bébà, a ó sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì. Bí gbogbo wa bá mọ apànìyàn náà, ìwé rẹ ti kú nìyẹn. O máa lọ tún un kọ. Àlàájà tún tiwọn kọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ṣépè fún wa, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi ní Èkó tó ìyẹn.

Àwa náà la fọwọ́ ara wa ba tiwa jẹ́. A ní ó yẹ kí a ní alága tó gbayì, ẹni tí onítẹ̀wé á gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí á dìde dúró. A bá lọ bẹ ìyàwó ọ̀gá kan tó ń kó tẹlifíṣọ̀n wọlé ní Àlàbá. Yèyé, ẹ kọ́ mi pé kí n máa fi ọ̀wọ̀ pe ẹni tó bá jù mí lọ. Lórí obìnrin yìí, ẹ forí jì mí: ó ni màá pè é. Kò kọ ìwé kankan rí. Bí ó bá sì ti kà á rí, ó ti tọ́jú àṣírí náà dáadáa.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tó pè, ilé rẹ̀ ló ní ká wá, ó ní kíláàsì kò bójú mu. Ẹ́sì ń fẹ́ wa bí ẹja inú fíríìjì. Ó ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n láti ọjọ́ náà lọ. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń kọ. Ọ̀kan ní òun máa ń kọ ìlànà ìsìn. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n mu mínírà. Alága wá kéde pé ẹgbẹ́ wa kò ní àfojúsùn, pé ìdí nìyẹn tí a fi rí jákujàku, àti pé ọjọ́ náà la máa ṣe àfojúsùn tuntun. Torí pé èmi ni mo mọ ìwé tẹ̀, wọ́n ní kí n gbé tàìpùráítà sórí tábìlì, kí n máa tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi tẹ ìsọkúsọ yẹn.

Àfojúsùn kìíní ni pé kí a yọ ọ̀daràn kúrò nínú orúkọ ẹgbẹ́, kò dùn-ún gbọ́ létí. Ìkejì, kí a máa lọ kí àwọn èèyàn ńlá, kí a sì máa ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Ìkẹta ni pé kí ìtàn wa má ba ọmọlúàbí lórúkọ jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wèrè ti wọ aṣọ. Ọ̀kan tó jẹ́ díákónéèsì ní kí apànìyàn má jẹ́ ẹni ìjọ o, torí àwọn aláìgbàgbọ́ ń gbọ́. Èyí tí ọkọ rẹ̀ nílé káàkiri Òjó ní kó má jẹ́ onílé. Ìyàwó dókítà ní kó má jẹ́ dókítà. Òmíràn ní kó má jẹ́ ẹni tó kàwé, pé ó máa ba ọkàn àwọn òbí tó ń san owó ilé ìwé jẹ́. Alága fúnra rẹ̀ ní kó má jẹ́ oníṣòwò, kó má sì jẹ́ obìnrin rárá, torí pé ojú àánú ni Ọlọ́run fún àwa obìnrin. Ojú àánú! Obìnrin tí mo fojú mi méjèèjì rí tó la bàtà mọ́ dírẹ́bà rẹ̀ lórí.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ń tẹ̀. Nígbà tó yá, Àlàájà béèrè jẹ́jẹ́ pé, nínú gbogbo ayé, ta ló wá kù tó lè pààyàn. Wọ́n ń wo ara wọn. Alága wá wo ojú fèrèsé, ó rí ọlọ́dẹ rẹ̀ tó ń bu omi sí òdòdó, ó ní ṣebí mégádì wà níbẹ̀. Háà, inú wọn dùn! Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlàájà ní ìtàn tòun ńkọ́, tó jẹ́ pé mégádì gan-an ni wọ́n pa. Alága ní kí mégádì ilé kejì pa á.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ obìnrin tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn, kí gbogbo ìwé wọn ní apànìyàn kan ṣoṣo! Ó dà bí ẹni tó ń pa àlọ́ àpamọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ìdáhùn. Ṣíọ̀. Mo ti rí ọ̀dẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tó kóra jọ, tó jẹ ṣinṣín, tó sì dìbò.

Ìwé mi ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Nínú rẹ̀, akápò ìjọ kan kú, ọlọ́dẹ ni wọ́n mú, ṣùgbọ́n ìyá ìjọ kan tó lówó ló fún akápò náà ní májèlé jẹ. Agolo mílíìkì kò mú mi: kò sí ẹni tó mọ apànìyàn náà nínú Àlàájà àti Ìyá Wọ́dà. Alága ní onítẹ̀wé ti ń dúró, kí n ṣáà tún orí méjì tó gbẹ̀yìn kọ kí ó lè bá àfojúsùn mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n gbé ìwé mi lọ. Mo ń jiyàn. Ló bá ní kí ló kàn mí pẹ̀lú mégádì, ṣé ẹbí mi ni. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Yèyé, kí n má tàn yín. Mo délé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, mi ò lọ́kọ, mi ò kọ́lé. Mo fẹ́ kí ẹ rí ìwé kan mú dání kí ẹ sọ pé ọmọ yín ló kọ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo jókòó, mo tẹ ojúewé mẹ́rin láìdìde. Ọlọ́dẹ jẹ́wọ́. Kò tilẹ̀ le rárá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń mú un lọ, mo kọ ọ́ pé ó fi ọwọ́ òsì di sòkòtò rẹ̀ mú, torí pé wọ́n ti gba ìgbànú lára rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró. Mi ò ro ìyẹn láti inú mi. Mo ti rí i rí ni.

Ẹ mọ ẹni tí mo rí. Àbúrò yín ni, Bùrọ̀dá Àjàyí. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ni orúkọ yìí ti di èèwọ̀ nílé wa, pé Bàbá mi ní ẹni tó bá pè é kò ní jẹun nílé òun. Mo ti pè é báyìí, inú ìwé ìròyìn sì ni. Stóò kòkó ni wọ́n ń ṣọ́. Àpò kòkó pòórá. Gbogbo ìlú ló mọ ọkọ̀ ẹni tó kó o, gbogbo ìlú ló mọ ibi tí ẹni náà ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ ló súnmọ́ tòsí jù. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Kò sí ẹni tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Nílé wa, a tilẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ òtítọ́ kó má baà rọ́nà bá a.

Mo fa ojúewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Ní Sátidé kejì, mo gbé ìwé mi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lé orí tábìlì Alága, mo sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹbí mi ni, ọlọ́dẹ tó ṣẹ̀wọ̀n lórí ohun tí kò ṣe. Ẹ ò bá rí ojú wọn! Díákónéèsì fa báàgì rẹ̀ súnmọ́ra, bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ń ranni bí ìgbóná. Alága ní kí wọ́n yọ mí kúrò. Wọ́n wá ń wá ẹni tó máa tẹ lẹ́tà ìyọkúrò náà, wọn ò rí. Èmi ni wọ́n tún ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, Yèyé. Mo bá wọn tún gbólóhùn wọn ṣe, mi ò ní àṣìṣe kan ṣoṣo, mo gbé e fún un kó buwọ́ lù ú.

Ìyá Wọ́dà dìde. Wọ́n ní àwọn ti ti ìlẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀, aláró àti alágbàfọ̀, wọn ò tíì ti i mọ́ irú àwọn tó jókòó yìí rí, kì í sì í ṣe pé wọn ò ṣẹ̀. Wọ́n jáde, mo bá wọn lọ. Àlàájà da gbogbo ṣinṣín tó wà nínú àwo sínú báàgì wọn, wọ́n kí gbogbo ilé pé ó dàbọ̀, wọ́n tẹ̀lé wa.

Nítorí náà, ẹni tó ní wọ́n lé mi kò parọ́. A ti padà sí kíláàsì wa, àwa mẹ́ta, a sì ti ṣe àfojúsùn tiwa. A ní kò sí ẹni tí kò lè jẹ́ apànìyàn nínú ìtàn wa, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwa fúnra wa. A ní a ó máa wá àwọn obìnrin tó ń kọ ìtàn tí wọ́n ń fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, télọ̀ ni o, nọ́ọ̀sì ni o, kí wọ́n wá kà á fún wa. A ó sì tẹ ìwé mi fúnra wa, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún ọmọ ilé ìwé. Kò ní rẹwà. Yíǹkì rẹ̀ á máa dọ̀tí ọwọ́ yín.

Kí ó tó dé ọwọ́ yín, ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Ọjọ́ tí Bùrọ̀dá Àjàyí ti ẹ̀wọ̀n dé, tí wọ́n wá kan ìlẹ̀kùn wa, mi ò sùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo wà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè yín ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí yín tí ẹ dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, tí ẹ fi ìborùn bo ẹnu, tí Bàbá mi ń wò yín. Ẹ ò ṣí i. Wọ́n lọ, a ò sì rí wọn mọ́. Mi ò fi bá yín wí. Èmi náà ò sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í mọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì nítorí kí ìwé lè jáde.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí ẹsẹ̀ yín mókun, kí ojú yín má rí ibi, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ẹni tó gbé ìròyìn mi wá pàápàá. Tí ìwé náà bá dé, ẹ ka orí tó gbẹ̀yìn ṣáájú, mo gbà fún ẹ̀yin nìkan. Wọ́n tú ọlọ́dẹ náà sílẹ̀, ó wálé, ó kan ìlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣí i fún un.

Èmi ni,
ọmọ yín,
Fọlákẹ́.