Ẹni Tó Jókòó Ti Àpótí Yín

Àkọ́bí mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde lọ síbi iṣẹ́? Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ìlú ńlá má gbé ọ mì, ojú ayọ̀ tí mo fi sìn ọ́ lọ náà ni kí n fi pàdé rẹ. Àwa náà wà. Bàbá yín ti kan páànù tó ń jò, àmọ́ ojú ìṣó tó kàn gan-an ló wá ń jò báyìí, mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Eyín iwájú àbúrò rẹ ti yọ, tó bá ń sọ̀rọ̀ ṣe ló dà bíi pé atẹ́gùn ló ń fẹ́.

Látìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. O ní ọ̀gá yín ń sọ pé ìwọ lò ń tú àṣírí àpótí fún mi, pé àwọn á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mi, o ò sọ nǹkan kan fún mi rí. Jẹ́ kí n ro bó ṣe jẹ́.

Nígbà tí o fi fóònù ránṣẹ́ tí o ní kí n máa wo ibi iṣẹ́ yín nínú rẹ̀, àpótí onírin kan ni mo rí lórí tábìlì, nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ wí, lọ́jọ́ kejì àwọn á ṣí i lójú gbogbo ayé. Èmi ò mọ̀ pé àwọn tó ń pe ara wọn ní aríran lẹ fẹ́ dán wò. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ kó sínú rẹ̀ ni, tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sì rìnrìn àjò. Àánú yín ṣe mí. Ta ni kì í gbàgbé? Èmi náà máa ń wá téèpù kiri nígbà tó wà lọ́rùn mi.

Àbúrò rẹ ló wò ó tó ní ẹsẹ̀ bàtà kan tí kò ní okùn ni. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Èèyàn kì í dédé bá àjèjì sọ̀rọ̀ kó má sọ ẹni tóun jẹ́, nítorí náà mo kí gbogbo wọn, mo ní èmi ni ìyá ẹni tó ń ti àpótí àti ilẹ̀kùn yàrá náà, mo wá kọ orúkọ tí mo fi ń pè ọ́ nílé sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé ire lo ti wá. Bàtà ló jáde lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gíláàsì tó fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ààbọ̀ ọṣẹ. Àwọn èèyàn ń ju ọkàn pupa lù wá látinú fóònù, ẹnì kan ní olè ni wá, òmíràn ní ká bá òun wo ibi tí ìyàwó òun sá gbà. Torí ojú ayé, mo máa ń pààrọ̀ aṣọ fún àbúrò rẹ kó tó jókòó síwájú rẹ̀.

Ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé ni mo wá bi í pé báwo ló ṣe ń rí inú àpótí. Ó ní òun ò rí inú rẹ̀ rárá, ṣé irin kọ́ ni. Ó ní bàbá tó jókòó tì í ló ń sọ fún òun. Mo fi etí aṣọ nu fóònù, mo dorí rẹ̀ kodò, bóyá ẹni náà fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpótí nìkan ni mo rí. Mo ní bàbá wo? Ó ní èyí tí kì í gbójú sókè. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá wọlé, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, kí ẹ̀gbọ́n òun má baà tẹ̀ ẹ́.

Bàbá yín fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọ tí eyín ẹ̀ ń yọ, kí ni ò ní sọ. Àmọ́ lánàá, nígbà tí ọ̀gá yín fọwọ́ ara wọn ti àpótí, tí ìwọ ò sí níbẹ̀, àbúrò rẹ ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Lónìí wọ́n ṣí i, òfìfo ni. Ọ̀gá yín dúró nínú yàrá yẹn, wọ́n fi ohùn rara ka gbogbo ohun tí mo kọ, títí dórí orúkọ tí mo fi ń pè ọ́ nílé, wọ́n wá ní ọwọ́ rẹ mọ́, àwọn ò ní lé ọ mọ́.

Mo fò sókè. Àbúrò rẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti ń bi òun pé kí ni ìyá yín ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ, tóun ò dá a lóhùn. Ó ní lónìí kò bi òun mọ́. Ó ní ṣe ló ń fi ohùn mi pè é, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ orin.

Ọmọ mi, iṣẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n má gbà lọ́wọ́ rẹ, èmi náà ni mò ń bẹ̀ ọ́ kí o fi sílẹ̀ fún wọn. Má lọ ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Mi ò jẹ́ fi fóònù sọ ọ́, torí mi ò mọ ẹni tó ń gbọ́. Mo ti fi aṣọ dì í, mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá bá ọ kó ẹrù, kí o fi díẹ̀ sí i fún páànù, bàbá yín ò ní béèrè fúnra wọn.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbé ọ lọ síbi tí orí rẹ ò sí. Bí o bá gbọ́ ohùn mi nínú yàrá yẹn, tó ń fi orúkọ ilé pè ọ́, má dáhùn. Mi ò tíì kúrò nílé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.