Kọ̀ǹpútà Màmá ti sàn láti oṣù mẹ́ta, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday kan lẹ́yìn ọdún tuntun, ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo mọ aago náà dáadáa torí ó ṣì wà lórí fóònù mi, ibi tí Màmá ti pè mí... Ẹ dákun, ẹ má fi orúkọ mi síta, kí ẹ sì kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Èmi gan-an ti bú ara mi títí, kò tán nínú mi.

Màmá yìí kì í ṣe ìyá tó bí mi. Ìyá àgbà kan ni wọ́n, opó, wọ́n ń dá gbé nínú ilé tó wà lẹ́yìn tiwa ní Laranto, nílùú Jos níbí. Bàbá wọn ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Jos, ibí ni wọ́n sì bí wọn sí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, iṣẹ́ taípíìsì ni wọ́n ṣe ní ọ́fíìsì àwọn awakùsà kan ní Rayfield, títí di òní ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó máa ń dún bí òjò lórí páànù. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ń gbé Abuja, Bọ̀dá Abuja ni gbogbo wa ń pè é, ló ra kọ̀ǹpútà náà fún wọn. Ìtàn ìdílé wọn ni wọ́n ń fi í kọ... ẹni tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Jos, ẹni tó fẹ́ ta, ibi tí wọ́n sin lágbájá sí. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ní Tuesday yẹn, orin ìjọ kan ni wọ́n ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí nǹkan pupa kan fi bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, tó ń ké bí ọkọ̀ panápaná. Ó ní virus mẹ́tàdínlógójì ti wọlé, kí wọ́n tètè tẹ ibí yìí kí gbogbo iṣẹ́ wọn má baà parẹ́. Màmá tẹ̀ ẹ́. Ta ni kò ní tẹ̀ ẹ́? Bí antivirus ayédèrú kan ṣe wọlé jókòó nìyẹn, tó ń ka virus tuntun ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tó sì ń béèrè nọ́ńbà káàdì báǹkì wọn. A dúpẹ́ pé wọn ò fún un. Èmi ni wọ́n pè, torí lójú wọn, ẹni tó bá ti jáde yunifásítì ti mọ kọ̀ǹpútà tán. Geography ni mo kà o! Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ dé Vom, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. So nígbà tí ẹnì kan wá pè mí pé òun nílò mi... mo sáré jáde nínú ọyẹ́ yẹn láìwọ súwẹ́tà. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá wọn, wọ́n káwọ́ lérí. "Kai! Wo ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà! Ṣé kò tíì jẹ ìwé mi tán báyìí?"

Lọ́jọ́ náà mi ò rí i ṣe. Bí mo bá ti pa á rẹ́, tí mo bá tún tan kọ̀ǹpútà, ó ti padà dé. Ṣùgbọ́n mo lọ kà nípa rẹ̀, mo padà lọ ní Thursday. Mo kọ́kọ́ yọ íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, mo tan án sí safe mode, níbi tí nǹkan ayédèrú náà ò ti lè dìde, mo yọ ọ́ kúrò, mo tún wọ inú browser lọ fagi lé àṣẹ tó ti gbà lọ́wọ́ Màmá pé kí ó máa fi ìkìlọ̀ hàn. Lẹ́yìn náà mo fi antivirus gidi tí mo gbé wá nínú flash yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkankan mọ́. Ìwé Màmá wà níbẹ̀ pé, lẹ́tà kan ò dín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa... láti Thursday yẹn ni kọ̀ǹpútà náà ti sàn.

Kí ló wá dé tí mi ò sọ? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí títí. Nígbà tí mo ń ṣe é lọ́wọ́, Màmá ti din ọ̀dùnkún Irish àti ẹyin, wọ́n po tíì tó kún fún mílíìkì, wọ́n wá bi mí léèrè nǹkan kan, mo sì fi Hausa parí ìdáhùn mi torí Yorùbá rẹ̀ ò wá sí mi lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. "Haba, ìwọ ọmọ yìí, Yorùbá rẹ ń tiro! Jókòó, jẹ́ kí n bá ọ nà án." Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, tí mo wà ní SS2, kò sẹ́ni tó bá mi sọ Yorùbá nínú ilé mọ́. Hausa ni bàbá mi ń sọ sí wa, ìyẹn náà kò ju ká kíra lówùúrọ̀ lọ. Mo la ẹnu láti sọ pé Màmá, ó ti tán o. Ohun tó jáde ni pé ó ṣì ku díẹ̀, kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án, mo ń bọ̀ lọ́la.

Lọ́la yẹn ló di oṣù mẹ́ta. Monday, Wednesday, Friday. Màá tan kọ̀ǹpútà, màá ní kó máa yẹ ara rẹ̀ wò kí nǹkan lè máa rìn lójú rẹ̀, màá fajú ro, màá mí kanlẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Màmá á jókòó tì mí, wọ́n á máa sọ ìtàn, wọ́n á máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, a ó máa rẹ́rìn-ín. Mi ò gbèrò ibi, mo fi Ọlọ́run búra. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa ń sọ fún ara mi... ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀... ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọn ò kọ ìlà kan láti oṣù kìíní.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Màmá ti ilé ìwòsàn ojú dé. Glaucoma ni, àrùn tó ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní ojú kan ti lọ, èkejì ń tẹ̀ lé e, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Màmá fi ṣàwàdà ni o, wọ́n ní ojú àwọn ti fẹ́ palẹ̀ mọ́, ó fẹ́ ti ìsọ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kìíní, tí mo bá mú kí lẹ́tà tóbi, Màmá ń kà á. Mo fojú mi rí wọn tí wọ́n ń kà á! Ní báyìí, bó ti wù kó tóbi tó, wọn ò rí i mọ́. Ìka wọn ṣì lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní taípíìsì tí kò lè ka ohun tó tẹ̀, ariwo lásán ló ń pa. Oṣù mẹ́ta tó ṣẹ́ kù fún ojú yẹn, èmi ni mo jókòó lé e lórí tí mò ń jẹ Irish. Ṣé olè kọ́ ni mí? Kí ni ẹ̀ ń pe ẹni tó ṣe irú èyí?

Ní Saturday tó ń bọ̀ yìí, Bọ̀dá Abuja ń bọ̀ wá wo kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò fi rí i pé kò sí nǹkankan tó ṣe é. Ojú mi ni Màmá ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní, "Má bá ọmọ yẹn wí o, ó ti gbìyànjú. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Bí ìwé náà bá ti lọ, ó ti lọ náà nìyẹn." Wọ́n rò pé ó ti lọ! Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní Monday, nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìdáná, mo ṣí i. Àárín gbólóhùn ni wọ́n dúró sí, ọjọ́ tí ìyá wọn kọ́kọ́ dé Jos gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí òtútù mú un débi pé... ó tán síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí òtútù náà fi ìyá wọn ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ní Monday yẹn, wọ́n wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n dì í mú. Wọ́n ní, "Bí kọ̀ǹpútà yìí bá sàn, ṣé wàá ṣì máa wá?"

Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo ní bàbá mi ń pè mí, mo sá jáde. Ṣé wọ́n ti mọ̀ ni? Àbí wọ́n kàn ń béèrè ni, bí èmi náà ì bá ṣe béèrè ká ní mo láyà? Wednesday ni òní, ó yẹ kí n ti wà lọ́dọ̀ wọn, inú yàrá mi ni mo jókòó sí tí mò ń tẹ èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo tí mo sọ fún ní kí n lọ lọ́jọ́ Friday, kí n pariwo pé Màmá, ó ti sàn o, kí gbogbo wa yọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ṣé ó tán? Mo fẹ́ jókòó ti Màmá kí n máa kọ ìtàn náà bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́, kí n máa kà á sí wọn létí, títí yóò fi parí. Ṣé mo lè fi irọ́ sábẹ́ irú iṣẹ́ yẹn? Bí mo bá sì jẹ́wọ́, tí wọ́n ní kí n má wọlé àwọn mọ́ ńkọ́? Ta ni yóò kà á fún wọn? Àti èmi...

Yorùbá tí mo fi kọ èyí sí yín, tí kò tiro, Màmá ló kọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá nílé, ẹ sọ fún mi kí Saturday tó pé: kí ni kí n kọ́kọ́ sọ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn?