Mọ́kànlá Nínú Ogún

Bàámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti Talladjé, níbi tí mo kó wá lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ilé náà jìnnà, takisí sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè máa gbé Kalley mọ́, kí n máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín tí ẹlòmíì ti ń ta fóònù níbẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé. Ǹ bá fi Faransé kọ ìwé yìí, torí òun ló yá mi lọ́wọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ sí. Ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ló gbé mi kọ̀wé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ìlú Niamey tún yan ààrẹ. Bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà tiyín náà ni wọ́n ṣe é: àwọn olùdíje dìde níwájú èrò, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n dáhùn ìbéèrè ní Yorùbá àti ní Faransé, onídàájọ́ mẹ́ta sì fún wọn ní máàkì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé. Ẹ̀yin gan-an lẹ dábàá rẹ̀ nígbà náà, kí ìbò má baà máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n ní kí n wá ṣe onídàájọ́. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ti ṣe é rí, ẹ̀yin ni mo dá lẹ́jọ́. Mo fún yín ní mọ́kànlá nínú ogún, máàkì mẹ́ta péré lẹ sì fi pàdánù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ilé ìwé ló fà á. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọmọ tó bá gba mọ́kànlá ti yege. Mẹ́rìnlá dára gan-an, ní ti ogún, n kò tíì rí ẹni tó gbà á. Àwọn onídàájọ́ méjì yòókù tó jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti kàwé ń pín méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún, bí ẹni ń pín sàárà. Mo ní ká ní ẹ kàwé Faransé ni, ẹ̀ bá mọ̀ pé mọ́kànlá kì í ṣe ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí. Ẹ dé sílé lọ́jọ́ náà, ẹ bọ́ fìlà, ẹ mumi, ẹ bèèrè bóyá mo ti jẹun. Lọ́jọ́ kejì ẹ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń fi eyín já etí aṣọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, tí sísọ́ọ̀sì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìdákẹ́jẹ́ yín yẹn dùn mí ju kí ẹ nà mí lọ.

Mo gbà níkẹyìn. Gbọ̀ngán ilé ìwé ní Kalley kún lọ́jọ́ Àìkú náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń fi àwa onídàájọ́ han èrò. Nígbà tó kàn mí, ó rẹ́rìn-ín.

“Madáàmù wa rèé, ọmọ olóògbé Alájì aláṣọ. Wàláhì, bàbá ẹ̀ kì í dé ọjà Katako kí wọ́n má sọ ọ́. Wọ́n á ní, ‘Ọmọ tèmi ò mọ ojúsàájú. Èmi bàbá ẹ̀ díje, ó ní mi ò tó, mi ò sì tó náà ni. Ta ló bí irú ẹ̀ nínú yín?’ Ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún un.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàámi, n kò gbọ́ ọ rí. Ọdún mélòó lẹ fi ń sọ ọ́ káàkiri tí ẹ ò sọ ọ́ fún èmi? Mo rò pé inú ń bí yín sí mi ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dákẹ́ nídìí oúnjẹ, mo máa ń rò pé mọ́kànlá yẹn lẹ ń rò. Ẹ̀yin sì rèé, ẹ ń fi mí yangàn láàárín àwọn oníṣòwò pákó. Mo sunkún níbẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ẹni tó jókòó tì mí sì na áńkáṣífù sí mi.

Olùdíje méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́, ibí ni wọ́n bí i sí bíi tèmi, Faransé rẹ̀ já gaara, Yorùbá rẹ̀ ń tàsé. Èkejì ni ọ̀rẹ́ yín, Alájì onípákó, tí ẹ jọ máa ń mu tíì lẹ́yìn ìrun alásárì. Wọ́n bi í ní Faransé pé báwo ni yóò ṣe bá àwọn mẹ́rì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, sọ̀rọ̀ lórí káàdì ìgbélùú àwọn èèyàn wa. Ó ní bí ẹ̀yin ṣe máa ń ṣe é ni òun yóò ṣe é. Ó wá ń ròyìn yín ní Faransé, àmọ́ ó ń pè yín bí ẹni pé ẹ pọ̀: “Ils sont venus. Ils ont parlé.” Wọ́n wá. Wọ́n sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe tí ẹ̀yin náà ṣe lọ́jọ́ tí ẹ díje nìyẹn. Ẹ ń ròyìn bí ọ̀gá mẹ́rì ṣe gbà yín lálejò, ẹ ń pe ọkùnrin kan ṣoṣo ní “ils”, ẹnì kan sì pariwo láti ẹ̀yìn pé ọ̀gá mẹ́rì mélòó ni Niamey ní. Gbogbo gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín. Faransé kò ní irú “wọ́n” tí à ń fún àgbàlagbà. Ẹ ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà ní èdè tí kò ní irú ọ̀wọ̀ yẹn ni. Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ Faransé, tí mo tún jẹ́ ọmọ yín, ló yẹ kó kọ́kọ́ yé.

Mo fún Alájì ní mẹ́rìndínlógún. Òun ló wọlé. Àwọn èèyàn wá ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní mo jọ bàbá mi, n kì í ṣègbè. Bóyá ó tọ́ sí i, bóyá kò tọ́ sí i, n kò mọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀.

Nítorí kì í ṣe ilé ìwé ló fún yín ní mọ́kànlá. Mo ti kọ mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ fún yín kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tí a jọ lọ sílé ìwé wà láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà, ojú sì tì mí pé ẹ̀yin ni bàbá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé tiwọn ni mò ń ṣe. Mo fa igi lé e, mo kọ mọ́kànlá. Máàkì márùn-ún ni mo yọ, mẹ́ta lẹ sì fi pàdánù. Òdodo tí ẹ fi ń yangàn ní Katako nìyẹn.

Ibi tí ẹ dúró sí kò jìnnà sí tábìlì wa. Nígbà tí mo gbójú sókè lẹ́yìn tí mo fa igi náà, èmi lẹ ń wò, ẹ ò wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò lè ka Faransé, ṣùgbọ́n ẹ mọ nọ́ńbà kà. Ṣé ẹ rí ọwọ́ mi? Bí ẹ ò bá rí i, a jẹ́ pé irọ́ mi ló ń dùn mọ́ yín nínú títí ẹ fi wọ sàréè. Bí ẹ bá sì rí i, a jẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ sì ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń bá mi tún orúkọ mi ṣe. Bàámi, èwo ni nínú méjèèjì?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tí kò sọ ọ́ nígbà tí ẹ lè gbọ́.