Má Ṣe Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Sinmi Mọ́

Tàjùdíìnì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Tinúọlá aya rẹ, mo kí ilé tí ẹ ń gbé ní Sùúrùlérè. Bí ẹ bá jí, kí ẹ jí sí oore. Bí ẹ bá jáde, kí ẹ má fẹsẹ̀ kọ. Tòún aránṣọ ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni yóò mú un wá bó bá ń bọ̀ wá ra òwú. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí i. Ara mi le. Eyín kan tún ti yọ, kò sì dùn mí, nítorí ohun tí mò ń jẹ báyìí kò nílò eyín.

Àwọn ará ìlú inú kọ̀ǹpútà rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí oúnjẹ jẹ? O ní eré ìtàn ayé àtijọ́ ni, o ní abẹ́ rẹ ni gbogbo wọn wà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fojú ara mi rí wọn lọ́jọ́ tí mo wá kí yín, wọ́n kéré bí èèrà, wọ́n ń ru ọkà lọ sínú àká, àká náà sì ń gbẹ, oko wọn tó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí mo dé ti pọ́n bí ewé gbígbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ ọba wọn, o wá kọ́ ilé ológun sórí akùrọ̀! Mo pariwo, o ní, Bàbá, ẹ fara balẹ̀, géèmù ni. Ta ló ń fi ebi ṣeré? Mo ní kí o jẹ́ kí oko apá òkè sinmi fún ọdún mẹ́ta. O gbà fún mi. Ọdún mẹ́ta náà kọjá kí Tinúọlá tó se ọbẹ̀ tán, mi ò rí irú rẹ̀ rí, ilẹ̀ náà sì tún tutù. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbà padà. Má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ kankan sinmi mọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Ìgàndò, mo lọ wo oko wa ti etí odò, èyí tí mo dá sí láti ọdún tí Nùsírátù ìyá rẹ ti kú, kó lè sinmi. Òkúta àwọn awọnlẹ̀ ni mo bá nínú koríko, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti iyanrìn. Hàrúnà ẹ̀gbọ́n mi, olórí ẹbí wa, ti tà á. Mo lọ bá a. Ó ní ilẹ̀ tí kò sí ewé ẹnì kan lórí rẹ̀, ta ló ni ín? Ó ní àbí koríko ni mo fẹ́ máa kórè tà ní Ìkòtún? Mo ní ilẹ̀ náà ń sinmi ni. Ó ní kí èmi náà lọ sinmi jàre. Àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tiwa, bí ilẹ̀ bá ń sinmi, gbogbo ayé mọ olóko rẹ̀. Pèrègún tí a gbìn sí ààlà tó ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ti fi katakata hú pèrègún náà. Ó dùn mí pé mi ò gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ìbáà ṣe poro kan. Àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá ló ń wá ra gaàrí lọ́dọ̀ ìyá rẹ nígbà ayé rẹ̀. Èmi ni mò ń lọ ra gaàrí ní Ìkòtún báyìí, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà mo di igi ẹ̀gẹ́ fún Tòún. Gbìn ín yí oko àwọn èèyàn rẹ ká, kí ẹnikẹ́ni má wí pé kò ní olóko. Bí ẹnu kọ̀ǹpútà náà bá kéré, gé e wẹ́wẹ́, ṣáà jẹ́ kí ojú méjì wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tó ti ṣá, tí iṣu ti kọ̀, ẹ̀gẹ́ á ṣì gbà á.

Ó ku abala kan fún wa, ẹ̀yìn ilé, níbi tí ìyá rẹ ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti ilá. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà á. Hàrúnà ní òun ò ní fọwọ́ kàn án bí ọmọ mi bá wá dúró níwájú ẹbí, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò máa dáko níbẹ̀, tó sì kọ ebè níṣojú wọn. Ó ní èmi ti dàgbà jù, pé wọn ò lè ka ọkọ́ mi sí ọkọ́. Tàjù, wá. Ebè kan péré ni kí o kọ, èmi á máa ṣe ìyókù. Mú owó díẹ̀ dání fún àwọn tí yóò bá wa ṣán igbó ibẹ̀, kí o sì ra ọkọ́ tuntun; tèmi ti jẹ tán.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ bi ọ́. Kí o tó dìde lọ jẹun lọ́jọ́ yẹn, o tẹ nǹkan kan, o ní o ti tọ́jú ìlú náà pamọ́ bó ṣe wà, pé bó bá bàjẹ́ lọ́la, o ó padà síbi tó ti dára. Mi ò bèèrè nígbà náà. Bá mi bi àwọn tó ni kọ̀ǹpútà bóyá wọ́n lè bá wa padà sí ọdún tó ṣáájú ikú Nùsírátù, kí oko méjèèjì wà níbẹ̀, kí òun náà wà níbẹ̀. Èló ni wọ́n ń gbà? Bí wọ́n bá ní ó ṣeé ṣe, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú ní Sátidé. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, tètè gbéra kí oòrùn tó le.

Ohun tí o bá gbìn, ojú rẹ ni yóò rí i, ẹnu rẹ ni yóò jẹ ẹ́. O ò ní pe aya rẹ kó má dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ, ní Ìgàndò.