Òfò Tí Ọkọ Mi Fi Pamọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ ètò yìí lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Atẹ̀wé ni ọkọ mi kó tó dolóògbé. Èmi àti àkọ́bí wa ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, a sì jèrè gan-an. Akáǹtáǹtì wá sọ fún mi pé, “Màmá, tí bàbá bá pàdánù láwọn ọdún tó gbẹ̀yìn, ẹ wá ìwé rẹ̀ wá. Àwọn agbowó orí á yọ òfò yẹn kúrò nínú èrè yìí, owó orí yín á sì dínkù.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ lọkọ mi ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo tú dúróà rẹ̀, mo rí ìwé tó fi ránṣẹ́ sáwọn agbowó orí, pé ọdún mẹ́rin gbáko lòun fi pàdánù. Àwọn yẹn mọ̀, àwa ará ilé ò mọ̀. Mo sunkún bí ẹni tọ́kọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Àkọ́bí mi yìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú mi kí wọ́n tó lè yọ òfò yẹn. Ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ náà ò sì lọ déédéé. Mo gbé ìwé náà lọ bá a, àmọ́ kí n tó lanu, ó ní, “Mọ́mì, bàbá mi ò pàdánù rí. Èmi ni olódo.”

Mo rọra ti ìwé padà sínú báàgì.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n fi hàn án, bóyá ara á tù ú, àbí kí n kúkú san gbogbo owó orí náà, kí n panu mọ́?

Èmi ni, Ìyàwó Atẹ̀wé.