Ẹ̀rọ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Mi

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yín kò ní há. Aránṣọ ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Àwa kan máa ń ṣeré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sí àwòrán níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ la fi ń kọ ìtàn ìlú kan pọ̀, kálukú sì ní ẹni tó ń ṣe. Èmi ni Ìyá Oníwòsàn. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kan kàn ń bá wa ṣírò ọgbẹ́ àti ẹrù àwọn èèyàn inú ìtàn ni, ó sì rọ̀ wá lọ́rùn. Nígbà tó yá, ẹni tó ni eré náà kọ́ ọ láti máa fèsì ní ipò ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kí ìtàn má baà dúró.

Ni àìsàn bá dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo padà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo lọ. Ẹ̀rọ ti bá mi fẹ́ ọkọ tí n kò rí rí! Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o." Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe Ọdẹ, tó jẹ́ pé orí eré yìí nìkan la ti mọra, fèsì pé, "Ìyá wa kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ̀rọ wo tún lèyí?" Wọ́n bá tì mí síta. Àlejò lé onílé jáde!

Mo ṣì ń ka ọ̀rọ̀ wọn láti ìta. Lánàá, "Ìyá" sọ fún Ọdẹ pé, "Ọmọ mi, bí aránṣọ kan bá wá ọ wá, má dá a lóhùn." Bẹ́ẹ̀ n kò sọ iṣẹ́ mi fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí.

Kí ni kí n ṣe o? Ọdẹ máa ń gbọ́ ètò yín. Ẹ bá mi kà á ketekete, torí ohùn èèyàn nìkan ló kù tí mo lè fi pè é.