Ìyá Tí Ẹ̀rọ Kọ fún Bíríkìlà

Tíṣà mi, ọmọ ọmọ mi àtàtà,

Ẹ̀gbọ́n rẹ aránṣọ ti bí ọkùnrin, ọmọ náà sì ń wo gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ bi wá ní ìbéèrè, kò sí àní-àní pé ìran tíṣà ni. Àbúrò bàbá rẹ tí à ń pè ní Kò-kánjú ti gbéyàwó wàyí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ó ga jù ú lọ, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nínú ilé yìí àfi èmi. Gbogbo wa ń kí ọ. Bí o ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọgbọ́n ò níí gbẹ nínú rẹ. Ara mi le. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà má fi bírò pupa sí i.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. O ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í kọ iṣẹ́ tí o bá fún wọn mọ́, pé ẹ̀rọ kan ló ń bá wọn kọ ọ́, tí gbogbo ìwé wọn wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. O ní ọ̀gá yín ní kí o mú ètò ẹ̀kọ́ tuntun wá lọ́jọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fagi lé kíláàsì rẹ. O wá ní ó ti sú ọ, pé o máa lọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Báǹkì kẹ̀, Tíṣà mi! Mo ti dé ibẹ̀ rí. Wọ́n to àwọn ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn gíláàsì bíi búrẹ́dì, ẹnikẹ́ni kò sì rà wọ́n títí wọ́n fi tilẹ̀kùn.

Èmi náà ti bá ẹ̀rọ yẹn pàdé. Ó wà nínú fóònù Bíríkìlà, ọkùnrin tó ń mọlé tí a jọ wà ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, níbi tí àwa àgbàlagbà ti ń kọ́ ìwé kíkà. Mo kí i, ó sì dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n kọ́ ọ re nílé. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní òun kì í jẹun. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ní ọjọ́ kan olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ nípa ìyá rẹ̀. Bíríkìlà ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun, ló bá ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ ọ́. Nígbà tó dìde kà á, ó dùn ún gbọ́ létí. Ó ní ìyá òun a máa kàwé fún òun ní ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ a sì máa rọra fẹ́ bí atẹ́gùn òwúrọ̀. Àṣé ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ náà wà ní kíláàsì, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti rẹ̀ ń jókòó! Bíríkìlà rò pé inú ìyá òun á dùn. Ìyá fò dìde. Ó ní ìwé wo ni òun kà, òun tí òun ṣì ń bá lẹ́tà D wọ̀yá ìjà? Ó ní ohùn wo ló ń fẹ́ bí atẹ́gùn, ṣé èyí tí òun fi ń pè é wálé tí ewúrẹ́ aládùúgbò fi ń já okùn? Ó ní kí ó lọ wá obìnrin tó kọ nípa rẹ̀ yẹn kàn, bóyá bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. A rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi dojú dé.

Mo rò pé olùkọ́ á lé Bíríkìlà jáde. Kò lé e. Ó ní kí ó gbé ìwé náà tọ ìyá rẹ̀ lọ, kí ó bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó fa ìlà sórí irọ́, kí ó kọ òótọ́ sí òkè rẹ̀, kí ó sì wá dúró níwájú wa kí a da ìbéèrè bò ó. Ibẹ̀ ni ìyá ti sọ fún un pé yanrìn ni òun ń rù fún àwọn mọlémọlé nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, pé orí òkìtì yanrìn ni òun máa ń tẹ́ ẹ sí kó sùn. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, Bíríkìlà kò gbọ́ èyí rí. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó padà wá kà á fún wa, kò dán tó ti ẹ̀rọ, ó tilẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè tí a bi í tí kò rí ìdáhùn sí. Ìyá rẹ̀ ní kó tún un kà.

Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí. Má lé ẹ̀rọ náà, Tíṣà mi, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó jókòó sórí àga rẹ. Ní kí àwọn ọmọ náà mú ohun tó kọ wá, kí o rán wọn sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì wá fẹnu ara wọn sọ ọ́ níwájú rẹ, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n bá fa ìlà sí, àti ìdí tí wọ́n fi fà á, òun ni kí o fún ní máàkì. Á gba àkókò o, àmọ́ ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá gbà, sọ fún un pé ìyá rẹ àgbà ti wọ kíláàsì kejì, ó sì ń bọ̀.

Mo tún rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ náà kò ní pẹ́ńsù ni, tí ojú sì ń tì wọ́n láti wí. Ra pẹ́ńsù fún wọn, èyí tí rọ́bà ìpàwérẹ́ wà lórí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn lè ṣì í kọ, kó sì máa wà láàyè lọ. N kò fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru tí kò gba owó oṣù ló ń gbé inú rẹ̀, a kì í gbé owó gba iwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọjá. Mo dì í sínú aṣọ, mo fi lé awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá sọ́dọ̀ yín lọ́wọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹnu rẹ tó ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ tíṣà kò níí bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ àgbà. Tú aṣọ náà, kí o ka owó náà dáadáa: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà.